Ọwọ́ Tí Kò Dùn Mí Mọ́

Oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 28

Ìrì dídì kẹta bọ́ mọ́jú òní. Kí n tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni Linwood ọkọ mi ti jáde lọ já ẹ̀ka kan wá. Ó gbọ̀n ọ́n lójú mi pé kí n wò ó. Ewé kan ṣoṣo kò já bọ́. Ewé tó bá ti rí ìrì dídì mẹ́ta kì í tètè já mọ́, ó ti yá nìyẹn. Títí ọkọ̀ akẹ́rù ìkẹyìn yóò fi kó òrùka ewé tí àwọn ènìyàn ń gbé kọ́ ilẹ̀kùn kúrò lọ́gbà Hollis ṣáájú Kérésìmesì, a ò ní rí àyè jókòó.

Ọwọ́ ọ̀tún ló jí mi kí aago tó dún. Ó ń ta mí ṣín-ṣín bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un. Mo jù ú síwá sẹ́yìn títí ó fi rọlẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí mo jókòó lórí àga màámi nínú ṣẹ́ẹ̀dì tí a ti ń wé e, ọdọọdún ni ìrora yìí sì ń tètè dé sí i. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí, ká má purọ́.

Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 2

Inú igbó látàárọ̀, èmi àti Linwood, à ń ṣẹ́ ṣóńṣó ẹ̀ka. Àtàǹpàkò ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn: kí o tẹ̀ ẹ́, kó dún pọ́ọ́, kí o tì í bọ orí ọ̀pá tí o fi ń kó o. Orúnkún Linwood ń dún gbà-gbà bó ṣe ń gun òkè. Ó ní òun dúpẹ́ pé adití lòun, àwa tí a ní etí la ó máa jìyà ariwo rẹ̀.

Mo fẹ́ fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, mo gbàgbé pé ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ó fi ọwọ́ dá mi lóhùn pé: "Bọ́ nǹkan yẹn kúrò jàre, o ń sọ̀rọ̀ sínú àpò."

Igbó yìí kan náà ni a ti pàdé, nígbà tí irun wà lórí rẹ̀. Èmi kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ ọwọ́ méjì tí mo kọ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ lọ, òun náà kò sì nífẹ̀ẹ́ kí wọ́n máa kọ nǹkan sí pépà fún òun. Mo wá fún un lórúkọ tí èmi ó máa fi ọwọ́ pè é: orí àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá, kí wọ́n pàdé ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ẹni ń já ṣóńṣó ewé. Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ àfi èmi. Lónìí mo pè é, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i, ó sì yíjú kíá.

Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 6

Ṣẹ́ẹ̀dì ṣí. Gbogbo wa tí a ń wé òrùka ewé la ti jókòó sípò, wáyà lápá ọ̀tún, ewé lápá òsì. Hollis ọ̀gá wa ń pariwo kiri bó ṣe máa ń ṣe, ó ní ìlú Boston ń dúró dè wá. Mo ní kí Boston wá wé e fúnra rẹ̀.

Àǹtí Thirza ló jókòó tì mí, bí wọ́n ṣe jókòó ti màámi tẹ́lẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ wọn sí àwọn ọmọbìnrin tuntun. Ẹran tó yẹ kó ga nídìí àtàǹpàkò ti tẹ́jú pẹrẹsẹ. "Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ oníṣẹ́ nìyí. Ọwọ́ Zilpha, ìyá Orpha yìí, rí báyìí, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ọwọ́ Orpha náà ti ń bọ̀ lọ́nà." Wọ́n fi ọwọ́ mi han gbogbo ilé. Orí mi wú.

Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 9

Ìrora náà ti gun apá dé èjìká. Ife kọfí bọ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀, ó fọ́ yángá. Ife màámi ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èéfọ́, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Linwood ń gbá èéfọ́ náà, ó ní ife kò ju ife lọ. Ká sòótọ́, ife kọ́ ni mò ń sunkún.

Mo sọ fún Àǹtí Thirza. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. "Ọmọ, ọwọ́ rẹ ń kọ́ iṣẹ́ ni. Á ké, á ké, ó máa dákẹ́. Ó di ọjọ́ tó bá dákẹ́, kí o tó lè sọ pé ọ̀kan nínú wa ni ọ́." Wọ́n fún mi ní òróró tí wọ́n fi ń pa ẹsẹ̀ ẹṣin. Gbogbo ilé ń rùn.

Ìka ọmọńdinrín nìkan ni kò ní wàhálà kankan. Àwọn yòókù ń jó bí iná.

Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 13

Òjò, ẹ̀fúùfù, òjò. Epo tí a fi ń mú ilé gbóná ti tún gbówó lórí. Mi ò sùn.

Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 16

Ó ti dákẹ́! Ọwọ́ ọ̀tún ti dákẹ́!

Mo sùn mọ́jú kedere. Mo wà lórí àga látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ta mí, kò jó mi. Mo sọ fún Àǹtí Thirza, wọ́n dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí gbogbo wáyà dúró. Wọ́n wá so ribọ́ọ̀nù pupa mọ́ ẹ̀yìn àga mi, bí wọ́n ti so ó fún màámi kí wọ́n tó bí mi. Hollis pàápàá ṣí fìlà. Ojú mi kún. Ká ní màámi wà níbẹ̀!

Mo dé ilé, mo ṣe páì ápù. Linwood gbé mi yí láàárín ilé ìdáná pẹ̀lú orúnkún burúkú yẹn. Ọwọ́ òsì ṣì ń dùn mí o, ṣùgbọ́n òun náà á dákẹ́.

Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 19

Kí ló ń ṣe bọ́tìnnì lásìkò yìí? Àbí wọ́n ti ń ṣe é kéré sí i ni? Linwood ló bá mi de gbogbo rẹ̀ láàárọ̀. Ó ní: "Ọwọ́ rẹ ti mutí yó." Mo gbá a létí, a rẹ́rìn-ín.

Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 21

Mo gbọ́ òórùn ẹran tó ń jóná. Mo rò pé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi ń fọ oje igi kúrò lọ́wọ́ ló dà sórí sítóòfù. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mo ń wá a. Linwood ló sáré wá tó fa apá mi. Ọwọ́ mi ni. Mo gbé ìka méjì lé irin gbígbóná, mo sì ń wá ibi tí òórùn ti ń wá.

Kò dùn mí. Ó wú, ó bó, mo ń wò ó bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Linwood béèrè pé kí ló dé tí n kò tètè gbé e kúrò. Mo ní oje igi ló bò ó. Oje igi! Irọ́ ni mo pa fún un, èmi fúnra mi ni mò ń purọ́ fún.

Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 24. Ọjọ́ Ìdúpẹ́

Ọpẹ́ wo ni n ó dú?

Àwa méjì péré ni, tòlótòló kékeré kan, ẹ̀fọ́, páì. Mo ń sọ fún un bí Hollis ṣe bọ́ sínú àgbá oje igi lánàá. Nígbà tí mo dé ibi tó pani lẹ́rìn-ín jù, kò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ní ìyá Hollis ń ṣàìsàn.  Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Mo wá fi ọwọ́ sọ fún un pé mo ti ta ilé yìí, pé a ó kó lọ sínú òṣùpá lọ́la, pé màlúù ni yóò wakọ̀.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní: "Ó dáa. Bí o bá ti fẹ́ ẹ."

 Mo na ìka sí i, mo ní: "Kí ni mo sọ?" Ìyẹn yé e. Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. 

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mi ò mọ̀. Ojú rẹ ni mò ń wò. Bí o bá rẹ́rìn-ín, màá rẹ́rìn-ín. Àtàǹpàkò rẹ kì í yí wá mọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ti jọ ara wọn."

"O sì ń mi orí fún mi bí òmùgọ̀?" Ọwọ́ òsì ni mo fi bi í.

"Inú rẹ dùn pé ọwọ́ rẹ ti sàn. O dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ribọ́ọ̀nù lẹ́nu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọ pé mi ò gbọ́ ọ mọ́?"

Mo bú sẹ́kún. Mo fìbínú gbé àwo, ó bọ́, ó fọ́. Mo ní kó búra pé kò tún ní mi orí fún mi láé. Bí kò bá yé e, kó sọ pé kò yé òun. Ọwọ́ òsì náà ni mo fi sọ ọ́, kí ó lè dá a lójú. Ó búra.

A ò jẹ páì náà.

Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 26

Ilé ìwòsàn. Linwood tẹ̀lé mi wọlé, ó ní òun kò ní dúró níta bí ajá.

Dókítà Amsden obìnrin kékeré ni, ó ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ó ní kí n tẹ ọrùn ọwọ́ méjèèjì wálẹ̀, kí ẹ̀yìn wọn kanra. Láìpẹ́ ni òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ó fi ìka gbá ọrùn ọwọ́ òsì díẹ̀, iná bíi ti mànàmáná já wọ ìka mi. Ọ̀tún kò dá a lóhùn. Ó ní kí n fi orí àtàǹpàkò kan orí ọmọńdinrín. N kò lè ṣe é. Mo ti í, mo ti í, ó kàn dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ pa ojú dé, Ìyáàfin. Mo máa fi òwú kan ìka yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ èyí tí mo fọwọ́ kàn."

Mo dúró. Mo dúró títí. Ó kan ọmọńdinrín, mo sọ ọ́. Mo tún dúró.

"Ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ àwọn yòókù," ni mo wí.

"Mo ti ṣe wọ́n tán."

Mo lajú. Linwood ti yíjú sí ògiri.

Ó béèrè ọjọ́ tí ìrora náà dáwọ́ dúró. Mo sọ fún un nípa ribọ́ọ̀nù.  Ó wá jókòó tì mí, ó ní iṣan kan ló gba ọ̀nà tóóró kọjá lọ́rùn ọwọ́. Òun ló ń gbé ìmọ̀lára lọ sí àtàǹpàkò, sí ìfábẹ̀lá, sí àárín, àti sí ìdajì èyí tó tẹ̀ lé e. Òun ló tún ń pàṣẹ fún ẹran ìdí àtàǹpàkò. Ọmọńdinrín ní iṣan tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi bá wọn jìyà. Ọwọ́ tí a ń tẹ̀ pọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ a máa wú nínú, a sì máa fún iṣan yẹn lọ́rùn.

"Nígbà tó ń dùn yín, ó ṣì ń ké fún ìrànlọ́wọ́," ló wí. "Nígbà tó dákẹ́, kì í ṣe pé ó sàn. Agbára láti ké ló tán."

Mo ní ọwọ́ màámi tẹ́jú. Mo ní ọwọ́ Àǹtí Thirza tẹ́jú. Mo ní a ń fi yangàn ni. 

Dókítà ní òsì ṣì ń dùn mí, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ lọ́rùn ọwọ́, ó fún mi ní ìdè tí n ó máa so mọ́ ọn bí mo bá ń sùn kó má baà tẹ̀. Kí n má wé òrùka ewé kankan mọ́ lọ́dún yìí. Bóyá láé.

Nínú ọkọ̀, Linwood béèrè ohun tó sọ. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, mo dojú wọn dé: ó ti kú. Ọ̀rọ̀ yẹn kò nílò àtàǹpàkò. Ó yé e lẹ́ẹ̀kan.

Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 29

A wakọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Bangor nínú yìnyín. Wọ́n fi iná mànàmáná dán iṣan náà wò láti apá dé ìka. Ti òsì ń lọ, ó kàn ń lọ́ra. Ti ọ̀tún, ọmọkùnrin tó ń ṣe é fi iná kún un, ó tún fi kún un, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ojú mi.

Wọn yóò la ọrùn ọwọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n tú ohun tó fún iṣan pa. Wọ́n ní kí n má retí iṣẹ́ ìyanu. Èyí tó bá kù nínú rẹ̀ lè hù padà díẹ̀díẹ̀, tí ó bá fẹ́. Ẹran ìdí àtàǹpàkò ní tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má padà wá.

Ó ti sú mi. Mo dùbúlẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Oṣù Kejìlá, ọjọ́ 1

Mo lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì lọ tú ribọ́ọ̀nù mi. Òsì ni mo fi ń tú u, ó sì ń ṣòro.  Mo sọ ohun tí dókítà sọ. Mo ní bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá ń dùn ún nínú wọn, kó tètè lọ nígbà tó ṣì ń dùn. Mo ní ẹ má dúró de ribọ́ọ̀nù.

Àǹtí Thirza sọ wáyà kalẹ̀. "Kí lo ń sọ gan-an? Pé Zilpha ń ṣàìsàn? Obìnrin tó wé òrùka ewé ju ẹnikẹ́ni lọ létíkun yìí? O fẹ́ sọ ìyá rẹ di aláàbọ̀ ara nínú sàréè?"

"Àǹtí, mi ò bú màámi."

"O bú u! O sì bú èmi náà!"

Hollis ní ká jọ̀ọ́, ká má jà, ọkọ̀ ń bọ̀. Mo ní ọkọ̀ ń bọ̀ ni ẹ máa ń wí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo jáde.

Wọ́n bá mi nínú ọgbà, Àǹtí Thirza, láìwọ kóòtù.  Mo rò pé wọ́n tún fẹ́ bú mi ni. Wọ́n ní ìdí àtàǹpàkò àwọn máa ń dùn wọ́n níbi oríkèé, bí eegun ń lọ eegun, ìyẹn wọ́n mọ̀ pé làkúrègbé ni.  Wọ́n wá ní: "Orpha, mi ò mọ ooru ife kọfí láti ìgbà tí ìyá rẹ ti wà láyé. Mo ń wo èéfín rẹ̀ ni kí n tó mu ún."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ lọ rí Dókítà Amsden.

"Ní ọjọ́ orí mi? Láti lọ gbọ́ kí ni?" Wọ́n padà wọlé. Kí n tó dé ìdí ọkọ̀ ni mo gbọ́ tí wáyà wọn tún bẹ̀rẹ̀.

Oṣù Kejìlá, ọjọ́ 6

Wọ́n ti là á. Ọwọ́ wà nínú báńdéèjì bí ọmọ tuntun. Linwood ló ń fi ṣíbí bọ́ mi ní ọbẹ̀ ẹ̀wà.

Oṣù Kejìlá, ọjọ́ 9

Kò sí nǹkan kan. Mo ń fi òwú kàn án, mo ń pa ojú dé, mo ń lajú. Kò sí nǹkan kan.

Linwood ní kí n sinmi. Mo ní kó lọ fi orúnkún rẹ̀ sinmi. Inú ń bí mi sí i, sí màámi, sí Hollis, sí igi. Ta ló ń fi ikú ọwọ́ ṣàjọyọ̀? Àwa ni. A so ribọ́ọ̀nù mọ́ ọn.

Oṣù Kejìlá, ọjọ́ 11

Òsì ta mí lówùúrọ̀ nínú ìdè rẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Mo dùbúlẹ̀ mo ń gbọ́ ọ, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má dákẹ́.

Oṣù Kejìlá, ọjọ́ 13

Ọkọ̀ ìkẹyìn lọ lónìí. A rí i láti ojú fèrèsé, ewé kún un dẹ́múdẹ́mú. Àga màámi ṣófo nínú ṣẹ́ẹ̀dì, àbí wọ́n ti gbé ọmọbìnrin mìíràn sí i. N kò béèrè.

Lẹ́yìn oúnjẹ Linwood fa àga tirẹ̀ súnmọ́ tèmi. Wọ́n ti bọ́ báńdéèjì ńlá yẹn lánàá, dókítà sì ní kí n máa mi ìka díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n gbìyànjú. Mo ní n kò fẹ́. Ó ní: "Sọ nǹkan kan. Ohunkóhun."

Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo wò ó, mo pàṣẹ fún un. Ìfábẹ̀lá tẹ̀ wá díẹ̀. Àtàǹpàkò kò kúrò níbi tó wà. Mo tún ṣe é. Mo tún un ṣe.

Linwood kò wo ojú mi. Ọwọ́ náà nìkan ló tẹjú mọ́, omi sì ń dà lójú rẹ̀ wọ inú irùngbọ̀n. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀.

"Kò yé mi," ló wí.

Orúkọ rẹ̀ ni mo ń pè.

N kò sọ ìyẹn fún un. Ó ti búra fún mi, ó sì mú un ṣẹ. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi kan àgbọ̀n, mo nà án sí i: o ṣeun. Ọ̀rọ̀ yẹn náà kò nílò àtàǹpàkò. Ó yé e.